Lébẹ́lì Méje Tí Tíṣà So Mọ́ Dúrọ́ọ̀mù

Ìyá Olórúkọ ni gbogbo wọn ń pè é nílé ìtajà kẹ́míkà náà. Kì í ṣe pé ó ń sọ ọmọ ẹnikẹ́ni lórúkọ o. Ara ìgò ló ń kọ orúkọ sí. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi jókòó sídìí tábìlì kan náà ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń bu kẹ́míkà látinú dúrọ́ọ̀mù sínú ìgò, tí ìgò á sì gba ibẹ̀ lọ sílé ìwé, sílé ìwòsàn, àti sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe gíláàsì. Ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé débi pé bó bá kọ kọ́pà sọ́féètì sára ìgò, ẹni tí ò mọ̀wé pàápàá á dúró wò ó.

Ìdí tábìlì yẹn náà ni ọkọ rẹ̀ ń jókòó sí, òun ní ìhà kejì. Tíṣà ni wọ́n ń pè é, torí ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́mísírì kó tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà ló ń kọ fọ́múlà. Ẹ má sì rò pé eré tọkọtaya ni wọ́n ń ṣe. Òfin ni. Bí dúrọ́ọ̀mù tuntun bá wọlé, Tíṣà ò ní wo ìwé tó bá a wá rárá, àfi bíi pé àrùn wà lára ìwé náà. Inú dúrọ́ọ̀mù gan-an ló ń wò. Á bu díẹ̀, á kán ásíìdì sí i, á ki díẹ̀ bọ iná kó lè rí àwọ̀ tí iná máa yí sí. Bó bá ti dá a lójú, á kọ fọ́múlà sí apá ọ̀tún lébẹ́lì, tí iye rẹ̀ bá ti ìgò tí wọ́n fẹ́ bù mu, á sì fi òwú so wọ́n mọ́ etí dúrọ́ọ̀mù yẹn. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ á tó mú ìwé ẹrù, á kọ orúkọ sí apá òsì. Bí orúkọ àti fọ́múlà bá bára mu, wọ́n á lẹ̀ ẹ́. Bí wọn ò bá bára mu, ẹnì kan ti ṣìnà, tàbí kẹ̀, ẹni tó kó ẹrù wá ti parọ́ fún wọn.

"Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí," Tíṣà á wí. "Bí mo bá dá nìkan kọ méjèèjì, tí mo sì ti ṣìnà níbi orúkọ, màá tún ṣìnà níbi fọ́múlà. Inú mi á wá máa dùn pé wọ́n bára mu. Ọ̀dẹ̀ ni mo máa dà."

Nǹkan kan wà tí Tíṣà máa ń ṣe tó ń bí ìyàwó rẹ̀ nínú. Bí wọ́n bá fẹ́ ìgò mẹ́fà, lébẹ́lì méje ni Tíṣà á kọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ogún, ọ̀kànlélógún ni.

"Ti kí lẹyọ kan yìí?" ìyàwó á bi í.

"Ti ìbàjẹ́ ni. Bí tàdáwà bá kán sí ọ̀kan ńkọ́?"

"Ìgbà wo ni tàdáwà kán sí tèmi rí?"

"Kò tíì kán sí i. Ọjọ́ tó bá kán sí i, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Obìnrin náà á pòṣé. Bí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá parí, á ya ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù sí méjì, á jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, torí òfin ni pé lébẹ́lì tí kò sí lára ìgò ò gbọdọ̀ sùn lórí tábìlì. Ọdún mọ́kànlá ló fi ya wọ́n. Kò ṣẹlẹ̀ rí pé ó nílò ọ̀kan.

Òun fúnra rẹ̀ ò ka kẹ́mísírì nílé ìwé o. Ìdí tábìlì yẹn ló ti kọ́ ọ. Tíṣà ní kálukú nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ní iye ọwọ́ tó ní. Sódíọ́ọ̀mù, ọwọ́ kan. Kílóráìdì, ọwọ́ kan. Wọ́n di ara wọn mú, ó parí, NaCl. Ṣùgbọ́n báríọ́ọ̀mù lọ́wọ́ méjì, nítorí náà bí kílóráìdì bá máa bá a gbé, méjì ni yóò wá, BaCl₂. Sọ́féètì ní ọwọ́ méjì tiẹ̀, òun nìkan ti tó báríọ́ọ̀mù. Bí orúkọ bá sì parí sí "éètì" báyẹn, kó o yáa mọ̀ pé ọ́síjìn wà ńlé. "Kò sí ọwọ́ tó gbọ́dọ̀ ṣófo," Tíṣà á wí. "Fọ́múlà tí ọwọ́ kan bá ṣófo nínú ẹ̀, irọ́ ni." Bí wọ́n bá ń lọ sílé nírọ̀lẹ́, á máa pe orúkọ, ìyàwó á máa fi fọ́múlà dá a lóhùn, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ á máa wò wọ́n bí ẹni tí orí wọn dà rú.

Tíṣà kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, láàárọ̀, níbi tó ti ń fọ àwọn ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń dán nǹkan wò. Kò ké, kò pe ẹnikẹ́ni. Ìró ìgò tó fọ́ ni ìyàwó rẹ̀ gbọ́, tó fi wí láì gbójú sókè pé, "Ẹ rọra o." Ìgbà tí kò gbọ́ èsì ló tó wẹ̀yìn.

Àtọjọ́ náà ni ara rẹ̀ ti kú tipiri. Kì í ṣe ìbànújẹ́; ì bá tiẹ̀ sàn kó jẹ́ ìbànújẹ́. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, àwọn ọmọ ń sunkún, àbúrò ọkọ rẹ̀ ń yí nílẹ̀, òun dúró, ó ń rò ó lọ́kàn pé bàtà òun ń ta òun lẹ́sẹ̀. Àwọn kan ní ó mà láyà o. Àwọn kan ní ojú ẹ̀ gbẹ. Àtàwọn tó ní ó láyà, àtàwọn tó ní ojú ẹ̀ gbẹ, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan níbẹ̀. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì korò. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ń dé etí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ó ní rárá. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà síbi iṣẹ́, torí ibẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì mọ̀ ọ́n lọ.

Ọ̀gá tó ni ilé ìtajà náà kí i kú ara fẹ́ra kù. Ó ní kó ṣì máa kọ méjèèjì, orúkọ àti fọ́múlà, títí wọ́n á fi rí ẹlòmíì. "Ẹ ṣáà ti mọ̀ ọ́n lórí, Ìyá," ó wí. Òótọ́ ni. Ó mọ̀ ọ́n lórí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó bá nílẹ̀ ni ti ilé ìwòsàn kan tó fẹ́ ìgò báríọ́ọ̀mù sọ́féètì mẹ́fà. Dúrọ́ọ̀mù báríọ́ọ̀mù méjì ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọ̀ kan náà, ìdérí kan náà, omi tó ń jò láti òrùlé sì ti pa ọ̀rọ̀ ara wọn rẹ́. Sọ́féètì wà nínú ọ̀kan, kábónéètì wà nínú èkejì. Lẹ́búlẹ́bú funfun ni méjèèjì, ojú lásán ò lè yà wọ́n. Sọ́féètì ni wọ́n ń pò fún aláìsàn mu kí ẹ́síréè lè fi inú rẹ̀ hàn. Kì í yọ́ nínú ikùn, bó ṣe wọlé náà ló ṣe ń jáde. Kábónéètì, ti àwọn oní-gíláàsì ni. Bí èèyàn bá gbé ìyẹn mì, ásíìdì inú ikùn á yọ́ ọ, á wọnú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n máa ń fi pa eku.

Lébẹ́lì méje so rọ̀ létí dúrọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Tíṣà ti dán an wò kó tó kú, ó ti kọ BaSO₄ sí i lẹ́ẹ̀méje, ìkọ̀wé rẹ̀ tó máa ń wó sí apá kan. Apá òsì ṣófo, ó ń dúró de orúkọ.

Ìyá Olórúkọ dúró, ó ń wò ó. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ orúkọ sí i, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, ìgò á lọ, wọ́n á lo ohun tó wà nínú rẹ̀ tán, wọ́n á jù ú nù. Gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù látẹ̀yìn wá, òun fúnra òun ti ya á. Kò pinnu nǹkan kan o. Ọwọ́ rẹ̀ ṣáà fa lébẹ́lì méjèèje yọ kúrò lára òwú, ó kó wọn sínú báàgì.

Ó wá mú lébẹ́lì tuntun mẹ́fà. Ó kọ orúkọ látinú ìwé ẹrù, ó sì kọ fọ́múlà látinú orúkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Wọ́n bára mu. Ṣé wọn ò ní bára mu ni?

Obìnrin tó ń bu nǹkan sínú ìgò wà lẹ́yìn rẹ̀. Sáré ni wọ́n ń pè é, torí kò sẹ́ni tó falẹ̀ tó o ní gbogbo ilé náà. Sáré ní, "Mà, èwo ni kí n bù nínú méjèèjì?"

Ìyá Olórúkọ nawọ́ láì wẹ̀yìn. Sáré bu èyí tó nawọ́ sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, awakọ̀ ti gbé páálí ìgò mẹ́fà náà lọ kí obìnrin náà tó dé. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì, ojú rẹ̀ sì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òwú Tíṣà ṣì so rọ̀ létí dúrọ́ọ̀mù ọ̀tún. Lẹ́búlẹ́bú funfun díẹ̀ dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ dúrọ́ọ̀mù òsì.

Ó wo òwú. Ó wo ilẹ̀. Ó tún wo òwú.

"Ẹ̀rù yẹ kó bà mí," ló wí nínú ara rẹ̀, ó sì dúró dè é kí ẹ̀rù náà dé. Kò dé. Ó kàn mọ̀ ni, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé òní ni Ọjọ́bọ̀.

Ó lọ bá Ọ̀gá. "Ọ̀gá, ohun tó lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀ yìí, kábónéètì ni."

"Kábónéètì kẹ̀? Mo rí lébẹ́lì. Sọ́féètì lẹ kọ síbẹ̀."

"Sọ́féètì ni mo kọ. Kábónéètì ló wà nínú ẹ̀."

Ọ̀gá pe ilé ìwòsàn lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ọ̀gá nu ojú rẹ̀. "Ìyá, ó rẹ̀ yín ni. Ọ̀fọ̀ ò tíì kúrò lára yín. Ọdún mọ́kànlá, ẹ ò ṣàṣìṣe rí. Tó bá dọ̀la, a máa rọra ní a fẹ́ bá wọn pààrọ̀ ẹ̀, láìpariwo. Àbí ẹ ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sílé iṣẹ́ yìí bí wọ́n bá gbọ́?"

"Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá gbọ́."

Kò jágbe mọ́ ọn. Ó wí i bí ẹni tó ń sọ aago tó lù, ó sì jáde. Ó mú ìgò kékeré tí Tíṣà fi ń kán ásíìdì, ó di ìdérí rẹ̀ le, ó wọkọ̀. Nínú ọkọ̀, ẹnì kan ń ṣàlàyé bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń kọ́lé. Ìyá Olórúkọ ń gbọ́ ọ. Ó ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa mu ikú látọwọ́ òun báyìí, àyà rẹ̀ ò sì já. Ìyẹn nìkan ló ń yà á lẹ́nu.

Ó rí yàrá ẹ́síréè nípẹ̀kun ọ̀nà tóóró kan. Obìnrin kan tó wọ aṣọ ilé ìwòsàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ó ń gbọn ẹsẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ yà á ni, Ìyá?" obìnrin náà bi í. "Àtàná ni wọn ò ti jẹ́ kí n jẹun. Aránṣọ ni mí o, ariwo tí ikùn mi ń pa yìí ju ti ẹ̀rọ mi lọ!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin tó ń ya ẹ́síréè jáde pẹ̀lú ife kan lọ́wọ́, ó ń ro ohun funfun inú rẹ̀. "Ó yá, mà, ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú lónìí," ó wí fún aránṣọ náà. "Ẹ mu ún tán lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ má mu ún," ni Ìyá Olórúkọ wí.

Ọkùnrin náà yíjú sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni yín?"

"Èmi ni mo kọ lébẹ́lì ìgò yẹn."

"Ẹ sì kọ ọ́ dáadáa. Mo kà á. BaSO₄."

"Mo mọ̀ pé mo kọ ọ́ dáadáa. Ẹ bá mi bu díẹ̀ nínú ìgò sórí nǹkan."

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ fẹ́ jiyàn, àmọ́ ohùn obìnrin yìí tutù jù. Ó bu ṣíbí kan sórí àwo. Ìyá Olórúkọ kán ásíìdì sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ó hó. Ó hó bí ọṣẹ tí wọ́n da omi sí, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ.

"Sọ́féètì kì í hó," ni Ìyá Olórúkọ wí. "Kábónéètì lèyí. Májèlé ni."

Ọkùnrin náà rọra gbé ife náà sílẹ̀ jìnnà sí ara rẹ̀. Aránṣọ ti dìde.

"Ṣé nǹkan tí mo fẹ́ mu nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Yéè! Orí mi ò! Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni."

Aránṣọ la ẹnu, èébú ti tò sórí ahọ́n rẹ̀, ẹ ò lè dá a lẹ́bi. Àmọ́ ó wo ojú obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ dáadáa, èébú náà ò sì jáde. "Ìyá," ó wí, "kí ló ṣe yín?"

"Ọkọ mi kú," ni Ìyá Olórúkọ dáhùn. Òun gan-an ò tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí láti ọjọ́ náà. Àwọn ẹlòmíì ló ń bá a sọ ọ́. Ó dún lẹ́nu rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ àjèjì.

Aránṣọ sún lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ jókòó," ó wí. "Ẹ jókòó ná, mà."

Kò jókòó. Ó ní òun fẹ́ kó ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà. Ọkùnrin ẹ́síréè kó wọn lé e lọ́wọ́, ó ní òun máa kọ ọ́ sínú ìwé, òun sì máa sọ fún àwọn ọ̀gá òun. Ìyá Olórúkọ ní kó kọ ọ́, kó sì kọ ọ́ pé ọwọ́ òun ni. Ọkùnrin náà ní, "Bí èyí tó dáa bá lè dé kó tó di aago méjì, a ṣì lè yà á fún wọn lónìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á tún fi ebi sùn."

"Á dé," ló wí.

Nígbà tó dé yàrá ẹ̀yìn, Ọ̀gá ń rìn lọ rìn bọ̀ níbẹ̀. Ìyá Olórúkọ sọ fún un pé wọ́n ti mọ̀ nílé ìwòsàn, pé òun fúnra òun lòun sọ ọ́. Ọ̀gá káwọ́ lérí. Ó ní, "Ẹ ti pa wá, Ìyá." Lẹ́yìn náà ló wá béèrè, jẹ́jẹ́, pé ṣé ẹnì kankan ti mu ún. Ó ní rárá. Ọ̀gá fẹ̀yìn ti ògiri.

Sáré bu látinú dúrọ́ọ̀mù ọ̀tún, èyí tí òwú wà létí rẹ̀. Ìyá Olórúkọ kán ásíìdì sí díẹ̀. Kò hó. Ó jókòó jẹ́ẹ́ bí iyẹ̀pẹ̀.

"Kí n mú lébẹ́lì tuntun wá, mà?" Sáré béèrè.

Obìnrin náà ń wo báàgì rẹ̀ lórí tábìlì. Ká sọ̀rọ̀ ká bá a bẹ́ẹ̀: kò fẹ́ ṣí i. Gbogbo ohun tó kù nínú ìkọ̀wé ọkùnrin tí wọ́n jọ gbé fún ogójì ọdún wà nínú báàgì yẹn, pépà méje tí kò gùn ju ìka lọ. Ṣùgbọ́n torí pé ó kó wọn pamọ́ ni aránṣọ kan fi fẹ́ẹ̀ kú sórí bẹ́ǹṣì. Tíṣà dán dúrọ́ọ̀mù wò, ó so àmì mọ́ ọn, òun ìyàwó rẹ̀ ló já àmì náà.

"Má mú tuntun wá," ó wí.

Ó tò wọ́n sórí tábìlì, BaSO₄ lẹ́ẹ̀méje. Ó fa ìwé ẹrù sún mọ́ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sí apá òsì. Báríọ́ọ̀mù sọ́féètì. Báríọ́ọ̀mù sọ́féètì. Ìkọ̀wé rẹ̀ gún, ti ọkọ rẹ̀ wó sí apá kan, wọ́n bára mu. Sáré ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. Ó kọ márùn-ún.

Ó mú ìkẹfà, ó kọ ọ́ dé ìdajì. Tàdáwà kán sí i, dúdú, ọ̀gangan àárín orúkọ.

Ó jókòó, ó ń wò ó. Ìyá Olórúkọ wá na ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí ẹyọ kan tó kù, èyí tó máa ń mú un pòṣé. Ó kọ orúkọ sí i díẹ̀díẹ̀, ó gbé e fún Sáré.

"Ẹ ṣé, Tíṣà," ó wí.

"Mà?"

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí."

Sáré lẹ̀ ẹ́. Ó ka ìgò, ó ní ó pé mẹ́fà, ó gbé páálí jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Sáré sáré. Wọ́n gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ gbéra, aago kan kọjá díẹ̀.

Lébẹ́lì tí tàdáwà bà jẹ́ ló wá kù lórí tábìlì, òun àti obìnrin náà. Fọ́múlà Tíṣà mọ́ tónítóní lára rẹ̀, tàdáwà ò dé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo obìnrin náà. Ì bá mú un sínú báàgì, ta ló máa mọ̀?

Ó mú un sókè, ó ya á sí méjì, bí òfin ṣe wí. Bó ṣe gbọ́ tí pépà náà ya, nǹkan kan já nínú rẹ̀, ó sì ké. Ẹkún tó yẹ kó sun níbi ìsìnkú ló sun sórí tábìlì yẹn, pẹ̀lú ariwo, débi pé Ọ̀gá sáré wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ sí.